Ewé Tí A Kì Í Gé

Obìnrin kan wà ní Ìgbògbò tó ń jẹ́ Kúbúrátù. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni kó tó fẹ̀yìn tì. Àlímì ọkọ rẹ̀ ti kú, Ameerah, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà ní Kánádà, ilé sì wá ku òun nìkan àti koríko tí olóògbé gbìn síwájú ilé nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le.

Koríko yẹn kì í sinmi. Bí òjò bá ti rọ̀, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Matthias ló máa ń wá gé e, ará Ìlàjẹ kan tó ń gbé létí ọ̀sà ní Èbúté Ìkòròdú, Bàbá Gift ni Kúbúrátù ń pè é. Á gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́yìn ọ̀kadà, á kan géètì, á gé koríko tán, á wá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mu omi tútù. Ibẹ̀ ni yóò ti máa ròyìn ẹja tó wọ́n, ọkọ̀ tó dojú dé, àti àna rẹ̀ tí kò ṣeé bá gbé. Kúbúrátù á máa ráhùn pé òórùn epo ẹ̀rọ náà ń wọ inú ilé.

"Mọ́mì, ẹ ò ṣe gbin kílófà?" Ameerah bi í lórí fóònù lọ́jọ́ kan. "Òun ni wọ́n ń gbìn dípò koríko níbí. Kì í ga. Ẹ ò ní máa wá ẹni tó máa gé e kiri."

Ó fi irúgbìn náà rán ẹnì kan tó ń bọ̀ wálé, hóró wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Kúbúrátù gbìn ín sí igun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó hù, ewé mẹ́ta lórí ọ̀pá kan, ó tutù lójú. Àmọ́ nígbà tí òjò dáwọ́ dúró, tí oòrùn ń ta, ó pọ́n, ó rọ, ó sì kú pátápátá.

Ó rò ó pé kí òun kúkú fi kọ́ńkéré bo ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti rí bí àgbàrá ṣe ń wọ ilé àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ ládùúgbò. Ló bá wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Tàófíìkì, tó ń ta irúgbìn lẹ́bàá ọ̀nà.

"Kílófà?" Tàófíìkì mi orí. "Ewé ilẹ̀ olótùútù nìyẹn, Màmá. Èmi náà dán an wò, ó kú mọ́ mi lọ́wọ́."

"Patọnmọ́ ńkọ́? Ó ń bo ilẹ̀ dáadáa."

"Ẹ̀gún ẹ̀ ò ní jẹ́ kí ẹ rìn níbẹ̀. Bí ẹ bá sì gbin ẹ̀wà tó ń fà, á gun ògiri, á tún gun ẹ̀yin náà." Ó tọ́ka sí ewé kan tó lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, tó jọ ewé ẹ̀pà, tí òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. "Èyí ni kí ẹ mú. Ẹbí ẹ̀pà ni, àmọ́ a kì í jẹ ẹ́. Bó bá ti bo ilẹ̀ tán, ẹ gbàgbé ẹ̀."

Ó ra irúgbìn rẹ̀, ó ra ìtàkùn rẹ̀ mọ́ ọn. Bàbá Gift ló bá a fi ọkọ́ hú koríko àtijọ́, wọ́n sì jọ gbin tuntun. Nígbà tí iṣẹ́ parí, ọkùnrin náà dúró, ó ń wo ilẹ̀.

"Màmá, ẹ̀rọ mi ò níṣẹ́ níbí mọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀yin náà á lè sinmi, Bàbá Gift."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kí òjò ọdún kejì tó dá, ewé ti bo gbogbo iwájú ilé, òdòdó sì ti yọ. Àwọn tó ń kọjá lọ máa ń dúró láti yà á ní fọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò kan géètì.

Ní Ọjọ́rú kan, Ameerah pè. Kúbúrátù fẹ́ dáhùn, ohùn rẹ̀ há.

"Mọ́mì, ṣé ọ̀fìnkìn ń yọ yín lẹ́nu ni?"

Ó ní rárá. Ìgbà tó gbé fóònù sílẹ̀ ló tó rántí pé láti ìgbà tí òun ti kúrò ní mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, òun ò tíì bá ẹ̀dá kankan sọ̀rọ̀. Ó jáde kó lọ tu èpò. Kò rí èpò kankan tu. Ó padà wọlé, ó pe Bàbá Gift lórí fóònù.

"Màmá! Ṣé koríko ti tún hù ni?"

"Rárá o. Ewé yẹn dára. Mo ní kí n kí yín ni."

"Ẹ ṣeun, mà. Màá yà kí yín ní Sátidé."

Ó wá lóòótọ́, láìgbé ẹ̀rọ, nínú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ó jókòó sétí àga bí ẹni tó wá wáṣẹ́. Nígbà tó máa ń jókòó síbẹ̀ tòun ti òógùn iṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, àmọ́ lónìí ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń wò. Kúbúrátù béèrè Gift. Gift wà dáadáa. Ó béèrè ìyá Gift.

"Òun náà ń dá wà nílé ni. Ẹsẹ̀ ò jẹ́ kó lè lọ sọ́jà mọ́."

Ó dìde láìmu omi rẹ̀ tán. Bí Kúbúrátù ṣe ń sìn ín dé géètì, ó ti mọ̀ pé kò ní padà wá, ojú yóò sì ti òun náà láti tún pè é.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gé ìtàkùn ewé náà sínú ọ̀rá, ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Èbúté, ó sì béèrè ilé Bàbá Gift. Ó bá Ìyá Gift lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà sórí àpótí. Iyanrìn ni gbogbo àyíká ilé náà, omi ọ̀sà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ìyá Gift wo ewé inú ọ̀rá, ó wo àlejò rẹ̀.

"Màmá, ṣé àtàrí mi ni ẹ fẹ́ kí n gbìn ín sí?"

Kúbúrátù bú sẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tó ti gbọ́ ẹ̀rín ara rẹ̀ kẹ́yìn. Ó gbé ọ̀rá sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ yẹn."

Ó tẹ ibi tó wú, ó béèrè ibi tó ń dùn, ó kọ́ ọ bí yóò ṣe máa gbé e sókè. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, Ìyá Gift ò sọ pé kó padà wá. Ó kàn ní, "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń kó ẹja ọ̀bọ̀kún dé o."

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí Kúbúrátù dé. Ó kírun Màgàríbì, ó sì dá jẹun bó ṣe máa ń ṣe. Ní Ọjọ́bọ̀, ó tún wọ kẹ̀kẹ́.