Orúkọ Tí Pásítọ̀ Kọ̀

Láti ìgbà tí Táíwò ti kú, kò sẹ́ni tó pe Motọ́lání ní Ìyá Ìbejì mọ́ ní gbogbo àdúgbò Muchia. Àwọn tó ń kí i kú ewu ọmọ wá ń yọ́ ọ̀rọ̀ sọ, bí ẹni pé ọmọ kan ṣoṣo ló gbé dé láti ọsibítù. Ìyẹn ń bí i nínú ju ikú gan-an lọ.

Pásítọ̀ Fáníyì ló wá da epo sí i. Nígbà tí ìsọmọlórúkọ ku ọ̀la, ó wá sílé, ó ní kí wọ́n má pe ọmọ tó kù ní Kẹ́hìndé mọ́, pé orúkọ yẹn á máa rán wọn létí òkú. Orúkọ inú Bíbélì ni kí wọ́n sọ ọ́.

“Kò burú, sà,” ni Motọ́lání wí. “Tómásì ni mo fẹ́.”

“Haba, Màdáámù. Tómásì aláìgbàgbọ́? Mátíù ló dára. Ẹ̀bùn Olúwa ni ìtumọ̀ rẹ̀.”

Ṣebí ọkùnrin yìí kan náà ló kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì pé orúkọ Hébérù ló kún inú Májẹ̀mú Tuntun tí wọ́n fi èdè Gíríìkì kọ. Ó ní ìbejì ni Tómásì lẹ́nu àwọn Júù ayé ìgbà náà, àti pé kó lè yé àwọn Gíríìkì ni Jòhánù ṣe fi Dídímù, ìbejì lédè tiwọn, tì í. Oyún àwọn ọmọ náà wà nínú Motọ́lání lọ́jọ́ yẹn. Ó rẹ́rìn-ín nígbà náà, ó fọwọ́ pa ikùn.

“Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ìbejì ni Tómásì, sà,” ó wí fún Pásítọ̀.

“Mo mọ̀. Ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ nìyẹn.”

Motọ́lání wo ọkọ rẹ̀. Ọládòṣù, olùkọ́ yunifásítì tó máa ń pariwo mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Bí Pásítọ̀ bá ṣe wí náà ni,” ló sọ. Ọkùnrin lásán.

Lọ́jọ́ kejì, Pásítọ̀ gbé ọmọ sókè, ó pè é ní Mátíù. Wọ́n gbé abọ́ omi kalẹ̀ kí ẹbí àti ará máa fi owó sí i, kí kálukú sì sọ ọmọ lórúkọ. Ìyá ọkọ Motọ́lání sọ ọ́ ní Ayọ̀midọ̀tun, àfi bíi pé ayọ̀ àkọ́kọ́ ti gbó tí wọ́n ti jù ú nù.

Motọ́lání dìde. Ó ju owó sínú omi.

“Táíwò,” ó wí.

Ó tún ju òmíràn. “Tómásì Kẹ́hìndé.”

“Màdáámù,” Pásítọ̀ sọ ọ́ sínú makirofóònù, “ọmọ kan ló wà níbí.”

Motọ́lání ò wò ó. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí. “Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín sin Táíwò. Ọmọ mélòó ni mo bí fún yín?”

Ọládòṣù dìde, ó tọwọ́ bàpò, ó fi owó sínú abọ́.

“Táíwò,” ó wí. Kò lè pe orúkọ èkejì; ó na owó rẹ̀ sí Motọ́lání kó bá òun pè é.