Ìjàpá Aláṣọ Pupa

Ọdún tí ọ̀wọ́n epo mú gbogbo ìlú, tí àwọn ènìyàn ń gbé ẹní lọ sùn sí ilé epo, tí owó oṣù ìjọba sì ń dé nígbà tó bá wù ú, ọdún náà gan-an ni Olúgbénga Májẹ́kódùnmí lọ ra ọkọ̀ tí kò ní òrùlé. Ẹ má rò pé òrùlé rẹ̀ já dànù ni o. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Ọkọ̀ pupa ni, ó rẹlẹ̀ débi pé ewúrẹ́ lè yọjú wo inú rẹ̀, ara rẹ̀ ń dán bí ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lódò, ìjókòó méjì péré ló sì ní. Tápólì dúdú kan wà tí wọ́n ń fà bò ó lórí bí òjò bá ṣú, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó so okùn rẹ̀ tán, òjò á ti dá.

Ọmọ Oǹdó ni Gbénga. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e dé Àkúrẹ́, ó ń yàwòrán ojú ọ̀nà ní ọ́fíìsì tí ojú ọ̀nà kankan kò ti jáde láti ọjọ́ pípẹ́. Yàrá méjì ló ń gbé ní Ìsìkàn. Ó ti lé ní ogójì ọdún, kò tíì láya, gbogbo ẹbí sì ti ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú àdúrà. Òyìnbó kan tó ń bá àwọn kan la ọ̀nà ló ta ọkọ̀ náà fún un nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé.

Òyìnbó yẹn kò tàn án jẹ. Ó ṣàlàyé fún un pé òun ra Ìjàpá àlòkù kan, Fọ́síwágìnì tí gbogbo tíṣà ń gùn nígbà náà, òun tú gbogbo ara rẹ̀ kúrò títí ó fi ku ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì, òun wá gbé ara tuntun lé e. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe ara tuntun náà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ ojú omi, wọ́n sì ṣe é kó jọ ọkọ̀ eré ìje kan tí àwọn ará Jámánì ń ṣe láyé àtijọ́. Ojúlówó rẹ̀ ti di ohun tí àwọn olówó ń tì mọ́lé ní ìlú wọn, tí wọ́n ń nù lójoojúmọ́ tí wọn kì í gùn. Gbénga gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì yé e. Ṣùgbọ́n ìgbà tó jókòó sínú ọkọ̀ náà, tó di sitíárìn onígi yẹn mú, ó dà bí ẹni pé ẹnì kan ti ń retí rẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ adùn rẹ̀ ná, torí ó dùn lóòótọ́. Bí ó bá jáde ní Àkúrẹ́ láàárọ̀, tó kọjá Àpọ́nmú, tí oko kòkó bẹ̀rẹ̀ lápá ọ̀tún àti òsì, afẹ́fẹ́ tútù á máa fẹ́ sí i létí, òórùn kòkó tí wọ́n sá sí ẹ̀bá títì á gba imú rẹ̀ kan. Kò sí gíláàsì, kò sí páànù, kò sí ohunkóhun láàárín òun àti ayé. Àwọn tó ń lọ sóko á dúró, wọ́n á ju ọwọ́ sí i, òun náà á fọn fèrè. Ní ilé epo, àwọn tó ń ta epo á ní kó máa bọ̀ níwájú kí àwọn lè rí ọkọ̀ náà dáadáa. Àwọn tó ti tò láti àná á máa bú u, wọ́n á sì tún máa fọwọ́ pa ọkọ̀ náà lára bó ṣe ń kọjá.

Ìyọnu rẹ̀ ńkọ́? Kòtò kan kò sí ní ọ̀nà Ọjà Ọba tí kò mọ abẹ́ rẹ̀. Oòrùn ti pa iwájú orí Gbénga dà. Adìẹ yé ẹyin sí ìjókòó ọ̀tún. Bí ó bá gbé ẹnì kan nínú ẹbí, àwọn yòókù ti di ọ̀tá. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kó bá òun gbé àpò sìmẹ́ńtì, tó ní kò sí àyè, ẹ̀gbọ́n náà bi í pé ṣé ọkọ̀ ló rà ni àbí bàtà. Ó kéré tán, kì í jìyà ohun èlò, torí ohun èlò Ìjàpá kún gbogbo ọgbà mẹkáníìkì. Ògúnníyì tó ń bá a tún un ṣe, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé, kì í pè é ní nǹkan mìíràn ju Ìjàpá lọ, ní ohùn Àkúrẹ́. "Ujàpá mi dà?" ló máa ń wí bí Gbénga bá ti yọ. Gbénga á wò yí ká bóyá ẹnì kan gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni àìbalẹ̀ ọkàn rẹ̀ wà. Ó lè jókòó sí ọ́fíìsì, kó dìde lọ yọjú ní fèrèsé lẹ́ẹ̀mélòó kan kó tó yàwòrán ìlà kan. Kì í ṣe olè ló ń bà á lẹ́rù. Ohun tó ń bà á lẹ́rù ni kí ẹnì kan ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀ náà, kó rí ẹ́ńjìnnì Ìjàpá níbẹ̀.

Fọlákẹ́mi Akínyẹmí ló fà á. Tíṣà ni, ní Ọ̀bà-Ilé, ọmọ Oǹdó bíi tirẹ̀. Gbénga rí i ní ọ̀sán ọjọ́ kan níbi tó ti ń wá ọkọ̀ tí kò rí, tó gbé ìdì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sí àyà, ó ní kó wọlé. Ó wọlé, ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó fọwọ́ gba ara ọkọ̀ náà, ó ní, "Brọ̀dá, ṣé ojúlówó ni?"

Gbénga mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò la ẹnu. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló sọ fún ara rẹ̀ lẹ́yìn náà pé orí mímì kì í ṣe irọ́.

Ká ní ó mọ̀, ì bá má mi orí yẹn. Torí nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn di ọ̀rọ̀ ìfẹ́, Fọlákẹ́mi sọ fún un nípa ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ. Ọkùnrin náà ní iléeṣẹ́ epo ni òun ń bá ṣiṣẹ́ ní Wàrì. Wọ́n ti mú ọjọ́ ìdána kó tó di pé ìyàwó rẹ̀ àtọmọ méjì wá sí ilé wọn ní Oǹdó wá béèrè rẹ̀. Láti ìgbà náà ni bàbá Fọlákẹ́mi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìntì, kò ti jẹ́ kí ọkùnrin kankan jókòó pẹ́ ní pálọ̀ òun. Ó ní òun kò wá olówó fún ọmọ òun. Kí ohun tí ọkùnrin náà bá pe ara rẹ̀ sáà jẹ́ ohun tó jẹ́. Fọlákẹ́mi fúnra rẹ̀ sì sọ fún Gbénga pé bí wọ́n bá tún purọ́ fún òun lẹ́ẹ̀kan sí i, àní irọ́ orúkọ aṣọ, òun yóò lọ.

Gbénga gbìyànjú láti sọ ọ́. Ó gbìyànjú ní Ọ̀bà-Ilé, ó gbìyànjú níwájú ilé ní Ìsìkàn. Ògúnníyì sọ fún un pé ọkùnrin ni ọmọbìnrin náà ń fẹ́, kì í ṣe Ujàpá, kó yáa wí. Gbénga ní òun ó wí. Kò wí.

Àfi bí Bàbá Akínyẹmí ṣe ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀ wá sí ìkórè ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n gbé ọkọ̀ náà wá, òun ti bá Fíkà, àlùfáà ìjọ, sọ ọ́, wọ́n máa gbàdúrà sí i lẹ́yìn ìsìn. Ẹni tó bá dàgbà ní Oǹdó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹni tó ra ọkọ̀, ẹni tó ra alùpùpù, àní ẹni tó ra ẹ̀rọ ìlọta, á gbé e wá síwájú ilé Ọlọ́run. Fíkà á gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, á dárúkọ olówó rẹ̀, á dárúkọ nǹkan náà fúnra rẹ̀, kí Ọlọ́run mọ èyí tí wọ́n ń wí. Bí a kò bá dárúkọ rẹ̀, àwọn àgbà kò ní kà á sí àdúrà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi náà, wọ́n jáde ní Àkúrẹ́ ní kùtùkùtù. Fọlákẹ́mi wọ léèsì aláwọ̀ ewé, inú rẹ̀ dùn, ó ń kọrin. Gbénga ti pinnu pé kí àwọn tó kọjá afárá Ọ̀wẹnà, òun á ti sọ ọ́. Nígbà tí afárá yọ, ó dẹ eré ọkọ̀.

"Fọlákẹ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ."

"Brọ̀dá Gbénga, ẹ dúró, gèlè mi ti lọ."

Afẹ́fẹ́ ti gbé gèlè. Ó bọ́ sínú koríko lẹ́bàá odò, Gbénga sì sáré tọ̀ ọ́ lọ nínú bàtà ìsìn rẹ̀. Ìgbà tó fi mú un dé, ẹ̀rín ti pa Fọlákẹ́mi débi tó ń nu ojú. Ó bi í pé kí ló fẹ́ sọ. Gbénga ní kò tóbẹ́ẹ̀. Wọ́n kọjá Ọ̀wẹnà, wọ́n kọjá Bọ́lọ́rundúró.

Ó pẹ́ kí ìsìn tó parí. Lẹ́yìn náà gbogbo ìjọ rọ́ jáde, wọ́n pagbo yí ọkọ̀ náà ká. Fíkà Ọlọ́runníyì, àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, ní kí wọ́n ṣí ibi tí ẹ́ńjìnnì wà. Ìyá Jethro, tí kì í jẹ́ kí nǹkan kọjá òun, ti tètè fa ìdérí iwájú sókè kí Gbénga tó débẹ̀. Táyà kan ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú tánkì epo àti iṣu tí Fọlákẹ́mi gbé bọ̀ fún ìkórè.

Ìyá Jethro káwọ́ lérí. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ fún Gbénga, bí ẹni ń túfọ̀, pé wọ́n ti jí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé.

Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Akínyẹmí gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n dákẹ́, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà, òun kà á nínú ìwé ìròyìn. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀yìn ni ti ojúlówó náà wà. Bí Gbénga bá fẹ́ máa bá irọ́ náà lọ, ọ̀nà ti là fún un. Bàbá fúnra rẹ̀ ló rìn lọ sẹ́yìn, tó dúró tì í títí Gbénga fi ṣí i.

Ìjàpá ni Bàbá Akínyẹmí gùn ní gbogbo ìgbà tó fi jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé, kò sì sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ tí kò mọ ẹ́ńjìnnì yẹn bí ó ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó wo inú rẹ̀. Ó gbé ojú sókè, ó wo Gbénga. Ó kàn dúró, ó ń wò ó.

Fíkà gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó di ojú. "Olúgbénga, ọmọ Májẹ́kódùnmí. Orúkọ wo ni kí n pe ọkọ̀ náà?"

Orúkọ ọkọ̀ àwọn ará Jámánì yẹn wà ní imú ọkọ̀ náà, lára bàbà tó ń dán. Ẹnikẹ́ni ì bá kà á síta.

"Ìjàpá ni, sà," ni Gbénga wí.

"Kí lo wí?"

"Ìjàpá. Ìjàpá tí wọ́n wọ̀ láṣọ ni. Kì í ṣe ojúlówó."

Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n rí ojú Bàbá, wọ́n gbé e mì. Fíkà kò yí ohùn padà. Ó bẹ Olúwa kó bùkún Ìjàpá yìí, kó ṣọ́ ọ lọ́nà Àkúrẹ́, lọ́nà Oǹdó, níbi gbogbo tó bá ń lọ. Gbogbo wọn ṣe àmín. Fọlákẹ́mi kò ṣe é. Ó ti gbé àpò rẹ̀, ó ti ń gba ẹnu ọ̀nà ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì jáde.

Gbénga fẹ́ sáré tọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n Bàbá ní ẹsẹ̀ ń dun òun, kó gbé òun dé ilé. Kò sí bó ṣe máa kọ̀. Wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ náà, ọ̀pá Bàbá yọ sókè láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, Gbénga dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí yẹ̀pẹ̀, ó jẹ́wọ́ orí tó mì fún Fọlákẹ́mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ìdáríjì. Bàbá ní kó dìde, kó gbọn aṣọ rẹ̀.

"Ó dára pé o wí i. Mo dúró kí n lè gbọ́ ohun tí wàá wí. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ lo mi orí fún."

Ó wọlé, kò sì ti ilẹ̀kùn.

Gbénga yí ọkọ̀ padà. Ó bá Fọlákẹ́mi ní ọ̀nà Yàbá nínú ìlú Oǹdó náà, tó ń rìn ní ẹ̀bá títì, tó bọ́ bàtà gogoro rẹ̀ dání. Ó dẹ eré sílẹ̀, ó ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Fọlákẹ́mi kò wò ó. Àwọn tó jókòó níwájú ilé wọn ń wò wọ́n, ọkọ̀ pupa tí kò lórùlé kò sì ṣeé fara pamọ́ sí. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ó ń wúkọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ Fọlákẹ́mi dúró.

"Kí ló tún kù?"

"Kí ló tún kù bí báwo?"

"Irọ́. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ nísinsìnyí."

Gbénga ronú. Ó sọ fún un pé aago tó ń ka eré kì í ṣiṣẹ́, pé gbogbo ìgbà tí òun bá sọ fún un pé àwọn ti ń sá ọgọ́rùn-ún, òun kò mọ̀. Ó sọ fún un pé alágbẹ̀dẹ wúrà kan ní Ọjà Ọba ló bá òun ṣe orúkọ bàbà tó wà ní imú rẹ̀, pé òyìnbó kò fi nǹkan kan síbẹ̀. Ó ní èyí tó burú jù ni pé òun ti fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ ní Ọ̀wẹnà, inú òun sì dùn nígbà tí gèlè fò lọ.

Fọlákẹ́mi wò ó pẹ́. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀," ló wí.

"Ṣé kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ síbí?"

"Mi ò ní wọ inú rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá fẹ́ bá mi dé ilé, ẹ jẹ́ ká jọ rìn."

Gbénga pa ẹ́ńjìnnì. Kò sí gíláàsì tó fẹ́ gbé sókè, kò sí ilẹ̀kùn tó ṣeé tì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gba bàtà gogoro náà lọ́wọ́ Fọlákẹ́mi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kò tíì rìn jìnnà tí Gbénga fi gbọ́ tí àwọn ọmọ àdúgbò ń gun inú ọkọ̀ rẹ̀, tí ẹnì kan ń fọn fèrè láìdúró. Gbogbo ara rẹ̀ fẹ́ yí padà. Kò bojú wẹ̀yìn.

"Ẹ máa sọ ọ́ lọ," ni Fọlákẹ́mi wí. "Òyìnbó yẹn, kí ló sọ fún yín gan-an lọ́jọ́ tí ẹ rà á?"

Gbénga sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.