Òwú Tí Mo Fi Ránṣẹ́ Sókè Òkun

Oṣù kẹta rèé tí àlùfáà wa ti wà lókè òkun, tó ń ti ṣọ́ọ̀ṣì kan bọ́ sí òmíràn, tó ń tọrọ owó tí a ó fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ó wá kọ̀wé sí mi: "Ìyá, wọ́n ń gbọ́ mi o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mi ò wọ̀ wọ́n lára. Ìpàdé kan ló kù, ìparí oṣù tó ń bọ̀. Bí wọn ò bá gbà, ọwọ́ òfo ni mo máa gbé wálé."

Ó dùn mí dọ́kàn. Inú yàrá kan ṣoṣo tí àwọn aboyún wa ń lò yẹn ni mo bí ọmọ mẹ́fà sí. Mo ní èmi náà á kọ lẹ́tà tí àlùfáà máa kà sí wọn létí. Ìwé kejì ni mo ti kúrò nílé ìwé, àmọ́ mo lè to ọ̀rọ̀ pọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọmọ ọmọ mi tó jẹ́ olùkọ́ bi mí pé, "Màmá àgbà, mítà mélòó ni yàrá náà?"

Mítà kẹ̀? Àádọ́ta ọdún tí mo fi ránṣọ, òwú ni mo fi ń wọn èèyàn, màá so kókó síbi tó bá dé. Mo gba ọ̀dọ̀ àwọn agbẹ̀bí lọ, mo na òwú yí yàrá po, mo so kókó sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé aboyún mẹ́ta ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín títí. "Òwú lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́? Wọ́n á ní orí yín ti dàrú!"

"Tiwọn ló máa dàrú. Gbé gọ́ọ̀mù wá, ọkọ mi."

Lọ́jọ́ kejì ìpàdé náà, fóònù dún. Àlùfáà ń pariwo.

"Ìyá! Mo ka lẹ́tà yín tán, mo ní kí ọkùnrin mẹ́rin di kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú, kí obìnrin mẹ́ta bọ́ sáàárín, kí wọ́n dùbúlẹ̀. Ẹni kẹta ò ríbi sùn! Ìyá, wọ́n ti gbà. Yàrá mẹ́rin ni wọ́n máa kọ́!"

Mo nà tàntàn lórí ìjókòó mi. Olùkọ́ ń wò mí bí ẹni tó rí àlejò.

"Màmá àgbà, ẹ má bínú."

"Ta ló ń bínú? Mú omi wá kí n mu."

Nígbà tí àlùfáà dé, èmi ló ní kí n wá fi ibi tí ilẹ̀kùn máa wà han àwọn bíríkìlà. Mo ní kí wọ́n fẹ̀ ẹ́ dáadáa, kí ìyá ọkọ àti ìyá ìyàwó lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà láìjà.