Gègé Pupa Bàbá Àwítúnwí

Bàbá Àwítúnwí tún ti ṣe é. Ògbufọ̀ kò tíì gbé báàgì kúrò léjìká tó fi rí ìwé àná lórí tábìlì rẹ̀, tí gègé pupa ti ha á lójú ha á lẹ́nu bí ẹni tó bá ológbò jà. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ojú ewé kìíní, ó mí kanlẹ̀. Ó ṣí èkejì, ó tún mí kanlẹ̀. Nígbà tó fi dé ojú ewé ìkẹyìn, kò rí èémí kankan mí mọ́.

Bàbá yìí ni alátùn-únṣe ìwé ní ọ́fíìsì ìtumọ̀ èdè tí ògbufọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Tísà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti fi pàṣán kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé ọ̀rọ̀ kan kò gbọdọ̀ fara hàn lẹ́ẹ̀mejì lójú ewé kan. Àwítúnwí ni àrùn ìwé, ló máa ń wí. Ó ń wí i láàárọ̀, ó ń wí i lọ́sàn-án, ó ń wí i bí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, kò sì sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé òun náà ti ń wí àwítúnwí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti ń pe orúkọ náà. Bàbá ò gbọ́ Sípáníìṣì rárá, kì í sì í wo ìwé tí wọ́n bá ń túmọ̀. Gẹ̀ẹ́sì tó bá jáde lọ́wọ́ ògbufọ̀ nìkan ló ń wò, a máa fi gègé pupa pa á láró títí yóò fi máa dán. Òfin ọ́fíìsì sì ni pé ìwé kankan kò gbọdọ̀ jáde láìjẹ́ pé ó fọwọ́ sí i.

Bó bá jẹ́ ìwé ìpolówó òtẹ́ẹ̀lì ni, kò burú. Bí òkun bá lẹ́wà lókè ojú ewé, tó dára láàárín, tó wá wu ojú nísàlẹ̀, ta ni yóò kú sí i? Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ti òní yìí kì í ṣe ti òtẹ́ẹ̀lì.

Iná ló jó ilé ìdáná ọkọ̀ ojú omi kan. Ẹnikẹ́ni kò kú, ṣùgbọ́n ààrò jó, àjà jó, ọkọ̀ sì dúró sí èbúté bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ rán olùwádìí kan wá láti ìlú wọn. Ọkùnrin náà wò ó yíká, ó kọ àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ ní Sípáníìṣì, ó bá tirẹ̀ lọ. Ní agogo méjì ọ̀sán òní, ìgbìmọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ojú omi yóò jókòó lórí ọ̀rọ̀ kúùkù ọkọ̀ náà, Gẹ̀ẹ́sì sì ni ìgbìmọ̀ ń kà. Bí wọ́n bá ní òun ló mọ̀ọ́mọ̀ dáná sun ún, wọ́n á gba káàdì iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní sí ọkọ̀ kankan tí yóò gbà á mọ́ títí ayé. Ẹni tó ti ń dáná lórí omi láti ìgbà èwe, kí ló fẹ́ máa ṣe lórí ilẹ̀?

Olùwádìí yẹn kò sọ̀sọkúsọ. Ó rí ìgò ọtí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Ó rí àkísà tó rin gbingbin fún epo. Ó rí ojú ibi tí iná ti jó aṣọ funfun tí kúùkù ń wọ̀ dáná. Ó rí i pé wọ́n ti ilẹ̀kùn láti inú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi pe gbogbo wọn: *indicio*. Ìgò, *indicio*. Àkísà, *indicio*. Aṣọ, *indicio*. Ilẹ̀kùn, *indicio*. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ojú ewé ìkẹyìn nìkan ló ti mú ọ̀rọ̀ mìíràn jáde, ìyẹn *prueba*, tó sì jẹ́ pé torí kó lè sọ pé kò sí i ló ṣe mú un jáde.

Ògbufọ̀ ti mọ ààlà tó wà láàárín irú ọ̀rọ̀ báyìí tipẹ́. Ilé ìwé alẹ́ ló ti kọ́ ọ, lẹ́yìn tó bá ti fọ abọ́ tán ní ilé oúnjẹ àwọn atukọ̀. Kò gbàgbé nǹkan kan níbẹ̀. Kò gbàgbé bẹ́ǹṣì tó ní ìṣó lápá òsì, èyí tó ya síkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ní. Kò gbàgbé bí omi ọṣẹ ṣe bó o níka, tí pẹ́ńsù fi ń ta á bí ata. Tísà wọn, obìnrin àgbàlagbà kan tí ikọ́ kì í jẹ́ kó parí gbólóhùn, kọ ọ̀rọ̀ márùn-ún sójú pátákó lọ́jọ́ kan, ó ní kí kálukú kọ́kọ́ sọ wọ́n ní èdè ìyá rẹ̀ kó tó dé ìdí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tó kan ògbufọ̀, ó ní *señal* ni àmì; *indicio* ni àmì tó ń mú ni fura; *huella* ni ipa tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ fi sílẹ̀; *pista* ni ohun téèyàn ń tọ̀ lọ bí ọdẹ ṣe ń tọ ipa ẹran; *prueba* ni ẹ̀rí. Ó rò ó díẹ̀, ó fi kún un pé àmì la fi ń fura, ipa la fi ń tọpinpin, ẹ̀rí la fi ń dájọ́. Tísà náà wúkọ́, ó ní ó dáa. Ó wá ní nǹkan kan tó kù ni pé bí ẹni tó kọ̀wé bá sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. "Ẹnu yín kọ́ ló ń rẹ̀," ló wí.

Bẹ́ẹ̀ ni ògbufọ̀ ṣe túmọ̀ ti kúùkù. Gbogbo *indicio* di "sign", ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ *prueba* di "proof". Lẹ́yìn náà ni gègé pupa dé. Bàbá Àwítúnwí fi ìgò sílẹ̀ ní "sign". Ó sọ àkísà di "clue". Ó sọ aṣọ di "evidence". Nígbà tó dé orí ilẹ̀kùn, tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀, ó sọ ọ́ di "proof". Bí ọ̀rọ̀ ṣe kúrò lórí ìgò tó jẹ́ ohun téèyàn kàn ń fura sí nìyẹn, tí ilẹ̀kùn fi di ẹ̀rí pọ́nńbélé, láàárín ojú ewé kan. Èyí tó wá dá ògbufọ̀ lágara jù wà nísàlẹ̀ pátápátá. Níbi tí olùwádìí ti ní kò sí ẹ̀rí, Bàbá ti ki ọ̀rọ̀ kékeré kan bọ àárín rẹ̀. Ìwé ti wá ń sọ pé kò sí ẹ̀rí mìíràn.

Ó gbé ìwé náà lọ bá a. Bàbá ń bó ọsàn sórí ìwé ìròyìn. Ògbufọ̀ kí i, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó rọra ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní ojú ewé tí ọ̀rọ̀ kan bá ti ń yọjú ní gbogbo ìlà dà bí aṣọ tí wọ́n fi irú kan náà lẹ̀ káàkiri.

"Bàbá, ọkùnrin yẹn mọ̀ọ́mọ̀ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni."

"Kò ní tísà tó dáa ni."

Ògbufọ̀ fi ọwọ́ tọ́ ìsàlẹ̀ ojú ewé ìkẹyìn. Ó béèrè ibi tí ẹ̀rí mìíràn yẹn ti wá.

"Ṣé o ò rí i ni? Ó ní ẹ̀rí wà lókè, ó tún ní kò sí nísàlẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti gbàgbé ohun tó sọ. Mo bò ó láṣìírí ni."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ lókè, Bàbá."

Bàbá ju awẹ́ ọsàn kan sẹ́nu. Ó jẹ ẹ́ tán pátá kó tó fèsì. "Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?"

"Ẹni tó mọ̀ pé ibà ti ń ṣe ọmọ náà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, Bàbá."

Bàbá ní ẹnu rẹ̀ ti ń mú jù. Ó ní bí òun bá jẹ́ kí ìwé tó rí jákujàku báyìí jáde, kí làwọn èèyàn á máa wí nípa ọ́fíìsì? Ó na ọsàn díẹ̀ sí i. Ògbufọ̀ gbà á, torí pé àgbà kì í fún ni kéèyàn kọ̀ ọ́, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́ ọ̀tún àti ìwé lọ́wọ́ òsì.

Ó gba ọ̀dọ̀ Màdáámù tó ni ọ́fíìsì lọ. Màdáámù ń bá àwọn òtẹ́ẹ̀lì sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù, ó tẹ́tí dé ìdajì, ó ní a kì í rí àrẹ́májà, kí wọ́n lọ yanjú rẹ̀ láàárín ara wọn. Ìwé ò lè jáde láìsí ìbuwọ́lù Bàbá, kò sì lè jáde láìsí òǹtẹ̀ ògbufọ̀. Ó gbé fóònù padà sétí, ó rẹ́rìn-ín sí òtẹ́ẹ̀lì.

Adìẹ ti bà lókùn. Ara ò rọ okùn, ara ò sì rọ adìẹ.

Nígbà tó ń padà, ẹnì kan fa aṣọ rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kúkúrú kan ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ibẹ̀, ó gbé àpò ọ̀rá lé itan. Ìyàwó kúùkù ni.

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ń túmọ̀ rẹ̀?"

Ògbufọ̀ ní òun ni, ṣùgbọ́n òfin kò gba òun láyè láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Obìnrin náà ní òun ò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ọkọ òun ò fẹnu kan ọtí, ẹran ló ń fi ti inú ìgò yẹn rẹ. Ìtìjú ni wàhálà rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í léèrè níwájú àwọn èèyàn ńlá, ilẹ̀ ni yóò máa wò títí wọn á fi dá a lẹ́bi.

"Ìwé yẹn ló máa bá a sọ̀rọ̀," ló wí. Ó tú ẹnu àpò náà. Aṣọ funfun ìdáná mìíràn ló wà nínú rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, bóyá wọ́n á ní kí ọkọ rẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. "Àǹtí, mo bẹ̀ yín. Ọkọ mi ò wúlò lórí ilẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti wà nílé ló ti tún gbogbo ìkòkò mi tò. Mi ò rí ṣíbí mi mọ́. Ẹ bá mi dá a padà sójú omi."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ògbufọ̀, ẹkún sì fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Kò ṣe èyíkéyìí. Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó tẹ ìwé bó ṣe túmọ̀ rẹ̀ gan-an jáde lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú dúrọ́ọ̀, ó mú tìmùtìmù tàdáwà rẹ̀ dání, ó lọ sídìí tábìlì Bàbá, ó ti èèpo ọsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tò wọ́n síbẹ̀: ìwé tó funfun, ìwé tó pọ́n, òǹtẹ̀ láàárín.

"Bàbá, ẹni tó bá lu òǹtẹ̀ ni yóò nawọ́ sókè níwájú ìgbìmọ̀, tí yóò búra pé bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lòun ṣe túmọ̀ rẹ̀. Mi ò lè búra sí eléyìí tó pọ́n. Bó bá dá ẹ̀yin lójú, òǹtẹ̀ rèé. Ẹ lù ú, ká jọ lọ, kí ẹ sì búra."

Bàbá wo òǹtẹ̀ náà bí ẹni tó rí àkeekèé nínú bàtà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ní kó gbé èyí tí wọ́n fi Sípáníìṣì kọ wá. Láti ìgbà tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, kò béèrè rẹ̀ rí. Ògbufọ̀ gbé e wá, ó fi *indicio* àkọ́kọ́ hàn án. Bàbá gbé ìka lé e. Ó fa ìka náà sọ̀kalẹ̀, ó bá òmíràn, ó dúró díẹ̀, ó tún sọ̀kalẹ̀. Kò gbọ́ èdè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fọ́.

"Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀?"

"Ọ̀kan náà ni, Bàbá."

Bàbá mi orí pẹ̀lú àánú. "Ọkùnrin yìí ò mọ̀wé kọ rárá."

Ògbufọ̀ gé ètè jẹ. Ṣùgbọ́n Bàbá ti fa ìwé tó funfun mọ́ra, ó ti fọwọ́ sí i. Ayọ̀ kò tíì dé ọkàn ògbufọ̀ dáadáa tó fi rí i tí gègé pupa tún jáde. Nísàlẹ̀ ojú ewé ìkẹyìn, Bàbá fi Gẹ̀ẹ́sì tó dán bíi dígí kọ ọ́ pé àwítúnwí inú ìwé yìí, ti ẹni tó kọ ọ́ ni, kì í ṣe ti ọ́fíìsì yìí. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ògbufọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí pé agogo méjì kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ó lu òǹtẹ̀, ó sáré jáde.

Yàrá ìgbìmọ̀ gbóná, fáànù kan ṣoṣo sì ń yí lókè bí ẹni tí wọ́n fipá mú. Kúùkù jókòó níwájú, ọkùnrin gíga, ó ń wo bàtà rẹ̀ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe wí. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgò. Ó wo bàtà. Wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn. Ó ní afẹ́fẹ́ ló tì í, ó sì tún wo bàtà. Ògbufọ̀ na ọwọ́ sókè, ó búra. Alága gbé awò ojú wọ̀, ó ń kà, ó sì ń fajú ro. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì wo lèyí, tó gbẹ bí igi ìdáná? Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ògbufọ̀ níléèwé ni? Àwọn tó kù rẹ́rìn-ín.

Ìgbà náà ni alága dé ìdí àkọsílẹ̀ pupa. Ó kà á sókè. Ó tún un kà.

"Ṣé olùwádìí fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ léraléra báyìí?"

"Òun ni, sà."

"Kò pè é ní ẹ̀rí níbì kankan?"

"Ibì kan ṣoṣo ló ti dárúkọ ẹ̀rí, sà. Ó ní kò sí."

Alága padà sí ojú ewé kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń fi ìka tẹ̀ lé e, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti ṣe. Àwọn ìgbìmọ̀ forí korí. Nígbà tí wọ́n dìde, wọ́n ní ìfura wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfura kì í gba káàdì lọ́wọ́ èèyàn. Wọ́n kìlọ̀ fún un nípa àkísà elépo, wọ́n dá káàdì rẹ̀ padà. Kúùkù wo ilẹ̀ títí tí ìyàwó rẹ̀ fi ju aṣọ funfun lù ú láyà.

Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà di ògbufọ̀ lọ́wọ́ mú. "Àǹtí, ẹ ṣé o. Mo gbọ́ tí wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì yín gbẹ. Ẹ má bínú. Ọlọ́run á fi kún un fún yín."

Ògbufọ̀ ní àmín.

Nígbà tó padà dé ọ́fíìsì, ìwé òtẹ́ẹ̀lì ti wà lórí tábìlì rẹ̀, ó ti pọ́n láti òkè délẹ̀. Bàbá Àwítúnwí na ọrùn láti ìdí tábìlì tirẹ̀. Kò béèrè kúùkù. Ohun tí alága wí nípa Gẹ̀ẹ́sì náà ló béèrè.

Ògbufọ̀ ní alága ní ó gbẹ bí igi ìdáná.

Inú Bàbá dùn dé ibi tó dé. Ó fẹ̀yìn ti àga, ó ká ọwọ́ pọ̀ sáyà.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí. "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"