Ìṣirò Tí Kò Sí Jímọ̀ Nínú Rẹ̀

Ammar di ìgbọ̀nwọ́ Bàbá mú. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan sí títì, wọ́n tún yára fà á padà. Takisí kan ré kọjá fìà níwájú wọn, òmíràn tẹ̀ lé e, ọ̀kadà mẹ́ta tẹ̀ lé ìyẹn.

"Wọn ò ní dúró ni?"

"Wọn ò ní dúró, Bàbá."

"Kí ẹ tó tún ráńdábáòtù yìí ṣe, mo lè ka súrà Yásíìnì tán láàárín mọ́tò méjì níbí."

Ammar wo ráńdábáòtù náà. Òun ló tún un ṣe.

Bàbá Mùhúdíìnì, ẹ̀gbọ́n bàbá Ammar, ló tọ́ ọ dàgbà nínú ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní ọjà Marché Central. Owó aṣọ náà ni Ammar fi kàwé di ẹnjiníà ọ̀nà. Mọ́sálásí wà ní òdìkejì ráńdábáòtù, èyí tí àwọn ará Douala ń pè ní rond-point. Bàbá ni ládánì ibẹ̀. Ní gbogbo Jímọ̀, òun ló ń pe ìrun. Tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ ló fi máa ń rìn lọ láti ṣọ́ọ̀bù, á máa kí àwọn awakọ̀ bó ṣe ń gba àárín wọn kọjá. Kò sẹ́ni tó lè gbá a, torí kò sẹ́ni tó lè kúrò lójú kan.

Nígbà tó yá, ìjọba ìlú ní kí Ammar tú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà ká. Ó jókòó ti ìṣirò. Ọkọ̀ mélòó ló ń gba ẹnu ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé? Mélòó ló ń jáde? Báwo ni àlàfo ọkọ̀ méjì ṣe gbọdọ̀ fẹ̀ tó kí ẹ̀kẹta tó lè kó sí i? Ó ń wá bí ìdúró á ṣe kéré jù lọ, ó sì rí i. Wọ́n mú kí ẹnu ọ̀nà fẹ̀ sí i, wọ́n lé takisí tó ń gbèrò jìnnà sí ibẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí geere. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un ní ọ́fíìsì.

Kí ó tó ṣe ìṣirò náà, àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí ló gbà síṣẹ́ láti ka ọkọ̀ àtàwọn tó ń sọdá. Nígbà tí ìrun Jímọ̀ tó, gbogbo wọn lọ kírun, òun náà lọ. Nígbà tó dé, ó fi iye ti Alàmísì dí ibi tó ṣófo nínú ìwé fún Jímọ̀. Nínú ìṣirò rẹ̀, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ kankan tó ń sọdá lọ kírun, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn.

Àwọn ọ̀dọ́ lè sáré sọdá báyìí. Orúnkún Bàbá ò lè sáré.

"Ẹ jẹ́ ká wọ takisí, Bàbá."

"Takisí tí o ní kó má dúró? Ibo ló máa já mi sí, Bonabéri lẹ́yìn odò?"

Ohùn ìpèrun jáde láti òdìkejì. Bàbá gbé ojú sókè.

"Ta nìyẹn?"

"Ó jọ ọmọ Nùsíràt, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ mọ́sálásí."

"Ó ń sáré pè é. Bíi mọ́tò rẹ."

Wọ́n yí padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, Ammar lọ bá Madámù Ekwalla, ọ̀gá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi iná dá ọkọ̀ dúró fún ẹlẹ́sẹ̀. Madámù kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn yí kọ̀ǹpútà sí i. Ìṣirò Ammar ló wà lójú rẹ̀: bí ọkọ̀ bá ń dúró níbẹ̀, ìlà wọn á tò dé ọjà.

"Mùsíọ̀ Ammar, àbí ìṣirò yìí ò tọ̀nà ni?"

Bó bá sọ pé iye Alàmísì lòun fi dí ti Jímọ̀, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un á di irọ́. Wọ́n sì ti fẹ́ gbé irú rẹ̀ lọ sí àdúgbò Makepe.

"Ó tọ̀nà, Madámù."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

Ó dìde, ó sì jáde.

Bàbá ò bá a wí. Kò tún gbìyànjú àtisọdá mọ́. Ìyẹn burú fún Ammar ju èébú lọ. Nígbà tó yá, ó fẹ́ jẹ́wọ́ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé Madámù lọ ṣiṣẹ́ ní Yaoundé, ẹni tó rọ́pò rẹ̀ ò sì mọ ráńdábáòtù tó ń sọ.

Inú ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá ti ń kírun báyìí. Ìrìn Jímọ̀ tó kù fún un ò ju láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìn àwọn ìdì aṣọ lọ.