Ìdajì Àlá

"Sister, last stop rèé o. Lewisham la wà yìí."

Yusrah lajú. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì 436 ló dúró tì í, ó ń fi òrùka ọwọ́ rẹ̀ kan irin àga. Ọkùnrin náà ti gbọ́ ọ tó ń bá ìyá rẹ̀ sọ Yorùbá lórí fóònù nígbà tó ń wọlé ní Vauxhall, ìyẹn ló ṣe mọ èdè tó yẹ kó fi jí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, sir, Peckham ni mo fẹ́ sọ̀."

"Peckham! A ti fi Peckham sílẹ̀ tipẹ́. Ṣé o kì í sùn nílé ni?"

"Mo ń sùn, sir," ni Yusrah dáhùn, ó sì kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì.

Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ o. Oorun tí Yusrah ń sùn láti ọjọ́ mẹ́wàá, iṣẹ́ ni. Àlá ló ń wá. Àwọn àgbà tó yí i ká ti bá a lá àlá tán, òun tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an ni kò rí nǹkan kan. Ó jókòó sí ibùdókọ̀, oòrùn ìrọ̀lẹ́ oṣù Kẹrin ń tàn sí i lójú, ó ń tú inú orí ara rẹ̀ wò bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Yusrah Ajíbóyè, ọdún kìíní rẹ̀ ní yunifásítì ló sì ń parí lọ. Ìṣirò ló bá wọlé. Àmọ́ nígbà tí ọdún náà bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí oníkálùkù mú kíláàsì kan kún tirẹ̀, Yusrah sì mú èdè Lárúbáwá, ó fi ṣeré. Eré náà ló wá wọ̀ ọ́ lára. Olùkọ́ wọn á kọ lẹ́tà mẹ́ta péré sójú pátákó, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ìwé á jáde nínú rẹ̀, ti akọ̀wé á jáde, ti ilé ìkàwé náà á jáde. Yusrah á máa wò ó, inú rẹ̀ á máa dùn bí ìgbà tí ìṣirò líle bá tú fún un. Lẹ́yìn náà, á máa gbọ́ ìró ìka Daddy rẹ̀ lórí wàláà. Bàbá náà, Làtíìfù Ajíbóyè, ti kú lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Òun ló fi wàláà tó gbé wá láti Ìsẹ́yìn kọ́ ọ ní álífù. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kò ní tíì bọ́ jákẹ́ẹ̀tì tí á fi máa fi ìka kan pákó náà, lẹ́tà kan, ìka kan.

Ní báyìí, yunifásítì ní ó lè ṣe méjèèjì pọ̀ bí ó bá wù ú, ohun tí wọ́n ń pè ní joint honours. Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ ni fọ́ọ̀mù náà máa tì. Ọjọ́bọ̀ nìyí.

Mummy rẹ̀, Kúbúrá, kò fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Ọjọ́ tí Yusrah sọ fún un ló ti gbé e dé ọ̀dọ̀ Àlàájà Hameedah, olórí àsàláátù wọn ní mọ́ṣáláṣí Old Kent Road. Àlàájà ní ọ̀rọ̀ ìsìtìkáárà ni, kí wọ́n kírun, kí wọ́n tọrọ, kí wọ́n sùn lé e, Ọlọ́run á fi èyí tó dára hàn. Àlàájà sùn, ó rí aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ gbọọrọ. Àáfà Àjíṣafẹ́ ti mọ́ṣáláṣí kan náà sùn, ó rí igi dàbínù tó so jìngbìnnì. Mummy fúnra rẹ̀ sùn, ó rí Yusrah tó gbé korobá omi méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, omi náà kò sì dà sílẹ̀. "Wàá rù ú, wàá sọ̀ ọ́," ni gbogbo wọ́n ń wí.

Ẹ̀rí-ọkàn Yusrah kò jẹ́ kó ṣe àmín dénú. Ó mọ̀ pé ìdajì ọ̀rọ̀ ni wọ́n gbé síwájú Ọlọ́run. Kò sọ fún Mummy pé bí òun bá mú kọ́ọ̀sì méjèèjì, ọdún mẹ́rin ni, kì í ṣe mẹ́ta. Kò sì sọ pé Jordan lòun máa wà ní odindi ọdún kẹta, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ òun. Láti ìgbà tí Daddy ti kú, àwọn méjì péré ló kù nínú fúláàtì yẹn, lókè kẹta. Nígbà tí orúnkún Mummy bá wú, Yusrah ló ń sáré lọ gba oògùn. Lójoojúmọ́ tó bá ti kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn, ohùn kan ló ń pàdé rẹ̀: "Yusrah, ṣé ìwọ nìyẹn?" Ta ni ohùn yẹn máa pè lọ́dún tí kò bá sí nílé? Ìbéèrè yìí ló tì í lẹ́nu pa.

Nígbà tó fi padà dé Peckham, oòrùn ti rẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ oníyẹ́lò kan bo Rye Lane, ó bọ́ sórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó bọ́ sórí ẹja tó sùn sórí yìnyín, ó bọ́ sójú àwọn tó ń pe ènìyàn wọlé wá ṣe èékánná. Tírénì kọjá lórí afárá, ilẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Yusrah ń rìn láàárín wọn bí ẹni tí kò tíì jí tán, ohùn gbogbo ènìyàn ń wá láti ọ̀nà jíjìn. Bí ẹnì kan bá bi í pé ṣé ó sùn ni àbí ó lajú, á ní láti rò ó kó tó dáhùn.

Òórùn òróró gbígbóná ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Yusrah, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni, Mummy. Ẹ kúulé."

Mummy wà nídìí gáàsì, ó ń dín mọ́sà. Èyí tó ti jinná ń gbẹ òróró nù lórí bébà, àwọn láílọ́ọ̀nù kéékèèké sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí Mummy ń dín mọ́sà fún sàráà, tó ń pín in fún àwọn ọmọ kéékèèké ní mọ́ṣáláṣí.

"Sàráà tún ni? Mummy, this is too much. Kí la ṣe?"

"Ṣé ó dìgbà téèyàn bá ṣe nǹkan kó tó ṣe sàráà ni? Fọwọ́, wá bá mi dì í. Ṣé o ti fi fọ́ọ̀mù yẹn ránṣẹ́?"

Yusrah fọ ọwọ́. Ó di láílọ́ọ̀nù kan, ó di èkejì. Ó dúró.

"Mummy, ọ̀rọ̀ wà. Ìsìtìkáárà yẹn, mi ò sọ everything fún yín kẹ́ ẹ tó ṣe é."

Mummy kò yíjú. "Kí lo fi sílẹ̀?"

"Tí mo bá ṣe méjèèjì, I have to go away. Third year, ní Jordan. The whole year. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mo kàn ń bẹ̀rù láti sọ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ṣíbí oníhò dúró lọ́wọ́ Mummy. Ó pa gáàsì. Ó wá yíjú pẹ̀lú sùúrù, ojú rẹ̀ sì ti yí padà.

"Jordan. Ọkọ̀ òfuurufú lo máa wọ̀ lọ síbẹ̀?"

"Yes, Mummy."

"Ilẹ̀ oníyanrìn ni?"

Ìbéèrè náà ya Yusrah lẹ́nu. "Bẹ́ẹ̀ ni. Mostly desert."

"Wàá sì padà wá?"

"Ah-ah, Mummy! Of course mo máa padà wá. Oṣù mẹ́wàá ni, kò tiẹ̀ pé ọdún."

Mummy fa àga, ó jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń fi ọwọ́ gbá itan. Kí Yusrah tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún, omijé ń ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ Mummy, ó ń fi etí ìborùn nù ún.

"Alhamdulillah," ló ń wí. "Alhamdulillah. Jordan ni! Jordan lásán!"

"Mummy, ẹ ń dẹ́rù bà mí. Kí ló dé?"

"Èmi náà ò sọ gbogbo àlá mi fún ẹ." Mummy mí kanlẹ̀. "Korobá méjì yẹn, òótọ́ ni, o gbé e, kò dà. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun lo wọ̀. Orí yanrìn lò ń rìn, ò ń lọ, ò ń jìnnà. Mo pè ẹ́. Mo pè ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, Yusrah, o ò bojú wẹ̀yìn. Mo jí, mi ò sì lè sùn mọ́. Ẹni tó wọ funfun, tí wọ́n pè tí ò dáhùn, níbo lo rò pé ó ń lọ?"

Yusrah yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó wo mọ́sà lórí bébà. "Ẹ rò pé mo máa kú?"

"Má pè é mọ́ nínú ilé yìí! Àáfà ní tí àlá bá dẹ́rù bani, ká tutọ́ sósì, ká má sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Ni mo bá pa á mọ́ra, mo ń dín mọ́sà. Tó o bá ń wúkọ́ nínú yàrá ẹ, àyà mi á já. Ẹ̀ẹ̀mejì lo pẹ́ dé lọ́sẹ̀ yìí, ṣé o mọ ohun tójú mi rí?"

"Mo sùn kọjá Peckham ni. Mo ń gbìyànjú láti lá àlá."

Wọ́n wo ara wọn. Ẹ̀rín tún bú jáde, ti àwọn méjèèjì pọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí ìyá fi ìdajì pamọ́, ọmọ fi ìdajì pamọ́, bẹ́ẹ̀ inú fúláàtì kan náà ni wọ́n ń gbé.

Ara Yusrah fúyẹ́, àmọ́ ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ó fa àga sún mọ́ Mummy.

"Ṣùgbọ́n ta ló máa wà pẹ̀lú yín? With your knee."

"Orúnkún mi ń wú kí wọ́n tó bí ẹ. Má fi orúnkún mi ṣe àwáwí. Gbé àlá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbé ti Àáfà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwọ ńkọ́? Kí lo fẹ́?"

Kò sẹ́ni tó tíì bi í bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Òun pàápàá kò bi ara rẹ̀.

"Tí mo bá ń ṣe maths, ebi kì í pa mí," ó wí jẹ́jẹ́. "Tí mo bá ń ka Arabic, mo máa ń gbọ́ Daddy. I want both. Ẹ̀rù sì ń bà mí gan-an."

Mummy tún ìborùn rẹ̀ wé. Orúkọ Daddy kì í ṣe ohun tí wọ́n ń dédé sọ nínú ilé náà.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó wí níkẹyìn. "Mi ò ní purọ́ fún ẹ, ilé yìí máa tóbi jù fún mi. Ṣùgbọ́n aṣọ funfun kọ́ ló dùn mí jù nínú àlá yẹn, yanrìn kọ́. Bó ò ṣe bojú wẹ̀yìn ni. Tó o bá máa lọ, máa bojú wẹ̀yìn."

Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀, Yusrah kírun rákà méjì fúnra rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ lódindi: kọ́ọ̀sì méjì, ọdún mẹ́rin, Jordan, orúnkún Mummy. Kò padà lọ sùn láti dúró de àlá. Orí kápẹ́ẹ̀tì ìkírun níbẹ̀ ló ti kún fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù, ó sì fi ránṣẹ́.

"Mo ti send ẹ̀, Mummy."

"Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i." Mummy ti wọ aṣọ iṣẹ́, ó ní shift lọ́dọ̀ màmá arúgbó kan ní Forest Hill. Ó na àpò mọ́sà méjì sí i. "Bá mi gbé sàráà dé mọ́ṣáláṣí."

"A ṣì ń ṣe sàráà?"

"Ti ẹ̀bẹ̀ la ti ń ṣe. Ti ọpẹ́ nìyí."

Yusrah gba àpò méjèèjì. Ó wọ jàlábíà funfun tó máa ń wọ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀. Mummy wò ó látòkè délẹ̀. Yusrah sọ̀ kalẹ̀, ó gba àárín ọgbà àwọn fúláàtì kọjá. Afẹ́fẹ́ ti gbọn òdòdó igi kan sílẹ̀ pẹrẹsẹ, Yusrah sì ń tẹ̀ ẹ́ kọjá láìgbọ́ ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pè é.

Nígbà tó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó bojú wẹ̀yìn.

Mummy wà lókè kẹta, ó di irin bákónì mú, ó fi ọwọ́ kejì bo ẹnu. Yusrah kò lè juwọ́, ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó kọjú sí i, títí Mummy fi mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu tó sì jù ú sí i pé kó máa lọ.