Erin Ò Gba Ẹnu Ọ̀nà Kọjá

"Erin ò lè wọlé," Rọ́fíàt wí, ó sì fi ìka kan ẹnu ọ̀nà tó yà sórí páálí. "Ẹ wò ó dáadáa, ẹ̀gbọ́n. Ilẹ̀kùn yàrá ni, kì í ṣe géètì."

Akínwándé rẹ́rìn-ín. Òun ló ni yàrá tí wọ́n ti ń ṣeré yìí ní Aluu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yunifásítì Port Harcourt, òun ló sì dàgbà jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Erin tó wó odi ìlú! Ṣé ilẹ̀kùn ni yóò wá dá a dúró?"

Eré ọ̀hún, Rọ́fíàt ló fi ọdún méjì gbáko kọ òfin rẹ̀. Olúkúlùkù á yan ẹni tí yóò jẹ́ nínú ìtàn, á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, dáìsì lúdò á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Akínwándé yan ọdẹ tó lè para dà di ẹranko. Ló bá di wàhálà! Wọ́n pàdé ọlọ́ṣà, erin. Odò kún, erin. Dagogo tó jẹ́ apẹja àti Ibiere tó jẹ́ oníṣègùn kàn ń jókòó wò ó ni, bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni àwọn méjèèjì sọ pé àwọn ò wá mọ́. Rọ́fíàt bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì lọ kọ òfin tuntun: ara tí o bá gbé wọ̀, ìyà ara náà di tìrẹ. Erin á lágbára o, ṣùgbọ́n ebi á máa pa á, kò ní lè sọ̀rọ̀, kò sì ní gba ẹnu ọ̀nà èèyàn kọjá. Inú yàrá kékeré sì ni adé tí wọ́n ń wá wà.

"Àjànàkú kọjá mo-rí-nǹkan-fìrí," Akínwándé wí. "Bí a bá rí erin, ká gbà pé a rí erin."

"A ti rí i, sà. Ìta náà la ti rí i."

Dagogo bú sẹ́rìn-ín. Ojú Akínwándé korò. "Rọ́fíàt, èmi lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, nínú yàrá mi? Fa òfin yẹn ya, àbí kí ẹ kó páálí yín jáde."

Rọ́fíàt mọ̀ pé wọn ò ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bó bá fa òfin náà ya, eré òun ti di eré ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn. Inú bí i.

"Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ẹ̀yin lẹ ni yàrá. Àmọ́ mi ò ní fa nǹkan kan ya." Ó ká páálí. "Ibiere, bá mi gbé dáìsì."

"I don carry am," Ibiere dáhùn. Ó ti dìde tẹ́lẹ̀.

Wọ́n tẹ́ páálí sórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, láàárín bàtà àti korobá. Nínú eré, apẹja Dagogo gba ojú fèrèsé wọlé, ó da àwọ̀n bo ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ adé. Dáìsì bọ́ sí mẹ́fà! Dagogo pariwo títí aládùúgbò fi yọjú.

Akínwándé náà yọjú. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwé tó kọ ọdẹ rẹ̀ sí lọ́wọ́.

"Eku ńkọ́?" ó béèrè. "Ṣé eku lè gba ibẹ̀ wọlé?"

Rọ́fíàt ti bàtà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Akínwándé lè ráyè jókòó.

"Eku lè wọlé, sà," ó wí. "Ṣùgbọ́n ológbò wà nílé."